Idà Al-Hajj Umar Tall

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ìjọba Faransé gbé idà kan lé Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl lọ́wọ́ ní Dakar, pé ti Al-Hajj Umar Tall, ajagun-ẹ̀sìn nì, ni. Èkù rẹ̀ rí bí àgógó ẹyẹ. Ṣùgbọ́n Klingenthal, ní Alsace, ni wọ́n ti rọ irin rẹ̀. Èyí nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú: irin Òyìnbó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà. Ọdún ni ó dá iyàn sílẹ̀. Umar kú ní 1864. 1893 ni ọ̀gágun Archinard gba idà náà ní Bandiagara, níbi tí Ahmadu, ọmọ Umar, sá sí. Ó lè jẹ́ ogún baba. Ó sì lè jẹ́ ti ọmọ gan-an. Síbẹ̀, òfin oṣù Kejìlá ọdún 2020 fi í fún Sẹ̀nẹ̀gàl pátápátá.