Kọ̀ǹpútà Kan, Ọ̀pọ̀ Ọmọ: Ìtàn Àwọn Eré Àdììtú Tí A Ti Gbàgbé

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré kọ̀ǹpútà níwájú àwọn òbí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni ọmọ kan tó di fóònù mú ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí kò gbọ́ nígbà tí wọ́n pè é wá jẹun. N kò bá wọn jiyàn, nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nílé wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn àwọn eré àdììtú, ìyẹn àwọn eré tí ọmọdé ti máa ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, tí ó ń wá ohun tó sọnù tàbí ẹni tó hùwà ibi, mo rí i pé òbí àti olùkọ́ ló ronú kan díẹ̀ nínú àwọn tó dára jù, kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó gbà á ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó yí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ká ni àwọn olùkọ́ wọ̀nyí sì ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá kan. William Crowther ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Bolt Beranek and Newman ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ibì kan lè bá ti ibòmíràn sọ̀rọ̀. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni íntánẹ́ẹ̀tì òde òní ti jáde. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, inú ihò ilẹ̀ ló máa ń wọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ máa ń ya máàpù àwọn ihò tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Kentucky. Nígbà tí ìgbéyàwó wọn tú ká, ó wù ú kí òun ní nǹkan kan tí yóò máa so òun pọ̀ mọ́ àwọn ọmọbìnrin òun méjèèjì. Láàárín 1975 sí 1976, ó fi ihò tó mọ̀ dáadáa yẹn kọ eré kan tí a mọ̀ sí Colossal Cave Adventure. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe ibi tí o dé, ìwọ náà á tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì láti sọ ohun tí o fẹ́ ṣe. Ní 1977, Don Woods ní Yunifásítì Stanford mú eré náà gbòòrò sí i. Ẹni tí kò bá ya máàpù sórí ìwé bó ṣe ń lọ, inú ihò ni yóò sọnù sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yìí sọ́kàn.

Ní 1980, Roberta Williams àti ọkọ rẹ̀ Ken gbé Mystery House jáde, wọ́n sì fi àwòrán kún ọ̀rọ̀. Ìtàn ìpànìyàn ni, kì í ṣe ti ọmọdé, nítorí náà n kò ní dúró lórí rẹ̀.

Ti Tom Snyder ló dùn mọ́ mi jù. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú Cambridge, ìyẹn Cambridge ti Massachusetts, kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1982, iléeṣẹ́ Spinnaker gbé eré méjì tó ṣe jáde, orúkọ àpapọ̀ wọn ni Snooper Troops. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹbí kan kó wọ ilé àtijọ́ ńlá kan, ẹnì kan sì ń fi iwin dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n lè kó jáde. Nínú ìkejì, wọ́n jí ẹja dolphin kan gbé. Ọmọdé á wa ọkọ̀ káàkiri ìlú, á lọ bá àwọn afurasí nílé, á fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, á sì máa wò ó bóyá ohun tí ọ̀kan sọ bá ti èkejì mu. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò ní ọpọlọ tó pọ̀, kò lè máa bá ọmọ rántí ohun gbogbo tí wọ́n sọ fún un. Ìwé àti pẹ́ńsùlù ni. Bí o kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Snyder dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ohun tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ fún kíláàsì tí kò ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ.

Òdìkejì òkun ni ìtàn náà ti tún gbèrú, ní Bìrìtìkó. Acorn ṣe kọ̀ǹpútà kan fún BBC ní 1981, BBC Micro lorúkọ rẹ̀, ìjọba sì san ìdajì owó rẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè rí i rà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á gbé e ka orí tábìlì onítáyà, wọ́n á máa tì í láti kíláàsì dé kíláàsì. Fún irú kíláàsì yìí ni olùkọ́ kan, Mike Matson, ṣe kọ Granny's Garden, tó jáde ní 1983. Àjẹ́ burúkú kan jí àwọn ọmọ ọba mẹ́fà gbé, àwọn ọmọ kíláàsì ló sì máa wá wọn rí. Ẹ̀rọ á bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á jiyàn lórí ìdáhùn, ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ṣì í, àjẹ́ á lé wọn padà sílé, ariwo á sọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú eré yẹn kéré gan-an. Bí kíláàsì bá parí apá kan, ẹ̀rọ á fún wọn ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí wọ́n máa tẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn láti bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dé. Ẹni tó mọ̀ pé aago máa lù, tí kíláàsì mìíràn sì ń dúró de ẹ̀rọ, ló lè ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí àwa náà ṣe máa ń pa àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣeré náà: ẹnì kan bi ìbéèrè, gbogbo agbo dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà di ohun tí àwọn ẹbí ń rà sílé. Where in the World Is Carmen Sandiego?, tó jáde ní 1985, lókìkí ju gbogbo èyí tí mo ti dárúkọ lọ, n kò sì ní pọ́n ọn ju bó ti yẹ. Ó ṣì ń rán ọmọ sídìí ìwé, nítorí wọ́n fi ìwé ìmọ̀ nípa ayé tó nípọn kún un nínú páálí. Nígbà tí Eagle Eye Mysteries dé ní 1993, nǹkan ti yí padà. Àwọn ìbejì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀, Jake àti Jennifer, ní ìwé àjákọ tiwọn nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní TRAVIS, tó ń kó ẹ̀rí jọ fún ọmọ. Ó ṣì kù fún ọmọ láti mọ èyí tó wúlò nínú ẹ̀rí náà, eré tó dára sì ni. Ní 1994, Freddi Fish dé, ẹja kékeré tó ń wá irúgbìn tí wọ́n jí. Ẹni tí kò tíì mọ̀wé kà pàápàá lè ṣe é, nítorí ohùn ló fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ibi tí nǹkan wà bí o bá tún un ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù ti kúrò nínú rẹ̀, ẹni kejì sì lè má sí níbẹ̀ rárá.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán lójú mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kò pé 5, àwa inú kíláàsì sì lé ní 40. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé kí a ní sùúrù títí ti olúkúlùkù yóò fi dé. Matson àti Snyder kò dúró de ìyẹn.

Dísíìkì tí wọ́n kọ àwọn eré yìí sí máa ń bàjẹ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Àwọn kan ti ń kó wọn pa mọ́, pàápàá Internet Archive, tí ènìyàn ti lè ṣe ọ̀pọ̀ eré àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìra dísíìkì. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi mẹ́ta jọ bẹ̀rẹ̀ Snooper Troops lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹ̀gbọ́n wa. Ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan ń kọ̀wé, àwọn méjì ń jiyàn. Ìwé àjákọ wa ti dé ojú ewé 6, a kò sì tíì mọ ẹni tó ń ṣe iwin.