Wọn Ò Ṣi Ska Kọ

Ìtàn kan wà tó dùn ún sọ débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ẹ̀rí. Wọ́n ní ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ Kingston ní Jàmáíkà a máa rọ̀gbà yí rédíò ká lálẹ́, kí wọ́n lè gbọ́ orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láti Miami àti New Orleans. Ohùn rédíò ọ̀hún a máa lọ, a máa bọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kọ ohun tí wọ́n gbọ́, wọ́n ṣì í kọ, àṣìkọ yẹn ló sì di ska, orin tó bí reggae.

Èmi ò gbà. Rédíò wà lóòótọ́, wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni sound system, àwọn bíi Coxsone Dodd àti Duke Reid tí ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ràgàjì ṣe òde ijó, àwo ni wọ́n ń rà wálé láti Amẹ́ríkà. Ohùn àwo kì í sá lọ. Ẹni tó bá wù lè gbọ́ ọ títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Nínú “No More Doggin’” tí Rosco Gordon ṣe ní 1952, ọwọ́ dùùrù ti ń bọ́ sí àárín ìlù, níbi tí ẹsẹ̀ oníjó kò tíì balẹ̀. Ọwọ́ ska yẹn gan-an tí wọ́n ń pè ní àṣìgbọ́ ti wà nínú àwo kó tó gòkè odò. Ìgbà tí rock and roll gba ọjà Amẹ́ríkà tí irú àwo bẹ́ẹ̀ wá ṣọ̀wọ́n ni àwọn olóde-ijó Kingston kó àwọn olórin ilé wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀. “Easy Snappin’” ti Theophilus Beckford jáde ní 1959. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òmìnira Jàmáíkà ní 1962 ló bí ska, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọdún yẹn dáadáa.)

Ibi tí ìtàn rédíò ti rẹ́ àwọn olórin jẹ jù ni pé ó sọ wọ́n di òpè. Tommy McCook, Don Drummond, Johnny Moore, Lester Sterling: ọmọ Alpha ni gbogbo wọn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn sísítà Àgùdà tí ń gba àwọn ọmọ aláìní ní Kingston. Níbẹ̀, ọmọ á kọ́ bí a ti ń ka orin lójú ìwé, á sì fun fèrè nínú ẹgbẹ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Sister Mary Ignatius Davies, ọ̀kan nínú àwọn sísítà náà, kó àwo jáàsì jọ, òun fúnra rẹ̀ a sì máa gbé wọn sórí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kan lára wọn tún gun òkè Wareika ní Kingston lọ bá Count Ossie níbi ìlù àwọn Rasta, ìlù tó dún nínú “Oh Carolina” ti Folkes Brothers. Lloyd Knibb, onílù ẹgbẹ́ ska Skatalites, gbé ọwọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀ wá sórí drum set.

Ẹ wo àwọn tó ń jí ska àtijọ́ dìde. Bó bá jẹ́ àṣìṣe ni, ẹni tí kò mọ orin ni ì bá tètè rí i ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Hepcat ní Los Angeles láti 1989 àti The Slackers ní New York láti 1991 ní láti dẹwọ́ eré, kí báàsì lè rìn, kí fèrè lè ráyè sọ̀rọ̀ bíi ti jáàsì. Àwọn Skatalites fúnra wọn, tí wọ́n túká ní 1965 lẹ́yìn ọdún kan péré, tún kó jọ ní 1983, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tuntun wọ̀nyí ti kọ́gbọ́n.

Àní ẹgbẹ́ The Specials ní Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń fi orin náà sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún “A Message to You, Rudy” ṣe ní 1979, Rico Rodriguez ni wọ́n ránṣẹ́ pè: ọmọ Alpha, ẹni tí Don Drummond kọ́ ní trombone, tó ti bá Count Ossie gbé ní Wareika. Òun náà ló fun fèrè sí i nígbà tí Dandy Livingstone kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1967.