Gọ́ọ̀fù: ẹgbẹ́ méjì ń jà, ẹni tó bá yí padà ni wọ́n ń lé

Ní Àjàṣẹ́ wa níbí, àwọn tó ti fọwọ́ kan igi gọ́ọ̀fù rí kò pọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù láti ọdún 2022 kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé: ṣé ẹgbẹ́ tí mo wà nínú ẹ̀ lè ní kí n má lọ ta iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ẹlòmíì?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe kò dà bí agbábọ́ọ̀lù tí club ń san owó oṣù fún. Òun fúnra ẹ̀ ló ń san owó ọkọ̀ òfuurufú, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó ẹni tó ń bá a gbé àpò igi. Ó kàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń ṣètò ìdíje láti ìlú dé ìlú ni. Ohun tó bá jẹ nídìí ìdíje ló máa mú lọ sílé. Ẹgbẹ́ tó lágbára jù ni PGA Tour ti Amẹ́ríkà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Yúróòpù, tí wọ́n ń pè ní DP World Tour báyìí, tó máa ń ṣe ìdíje dé Gúúsù Áfíríkà. Ìdíje wọn sábà máa ń gba ọjọ́ mẹ́rin, ihò 72. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, wọ́n á gé àwọn tí kò ṣe dáadáa kúrò. Ẹni tí wọ́n bá gé, ọwọ́ òfo ló sábà máa ń fi relé, gbèsè ọkọ̀ sì ń dúró dè é.

Ibẹ̀ ni LIV Golf gbà wọlé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní Centurion Club, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù. LIV kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń kọ 54 nìyẹn, torí ihò 54 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré, wọn kò sì gé ẹnikẹ́ni. Àpò owó ìjọba Saudi Arabia tí wọ́n ń pè ní PIF ló ń náwó sí i. Àpò yẹn náà ló ṣáájú àwọn tó ra Newcastle ní 2021, òun náà ló sì wà nídìí Al Nassr tí Cristiano Ronaldo lọ. Dọ́là mílíọ̀nù 25 ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìdíje kan ṣoṣo. Ènìyàn 48 ló gbá a. Ẹni tó gbẹ́yìn pátápátá gba dọ́là 120 000, ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 70 frank CFA. Charl Schwartzel, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló ṣe ipò kìíní. Ó gba dọ́là mílíọ̀nù 4, wọ́n tún fi 750 000 kún un, ìpín tiẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin tó wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kan, àwọn gbajúmọ̀ ti gba owó ìfọwọ́síwèé.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà yẹn, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni Jay Monahan, ọ̀gá PGA Tour, kọ lẹ́tà jáde. Ó dá àwọn 17 dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Phil Mickelson, Dustin Johnson àti Sergio Garcia wà nínú wọn. Òfin tó dì mú ni pé ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó lọ gbá níbòmíì ní ọ̀sẹ̀ tí PGA Tour bá ní ìdíje tiẹ̀. Àwọn kan tọrọ, wọn ò fún wọn, wọ́n sì lọ. Ó dà bí ìgbà tí olórí àwọn tó ń ta tòmátì ní ọjà Ouando bá sọ pé ẹni tó bá lọ pàtẹ ní Adjarra kò gbọdọ̀ padà wá sí Ouando mọ́.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé PGA Tour fúnra ẹ̀, ọmọ ẹni tó yapa ni. Ní 1968, Jack Nicklaus, Arnold Palmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bínú sí PGA of America, níbi tí àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù inú club ti pọ̀ jù wọ́n lọ, tí wọ́n sì ń darí owó ìdíje. Wọ́n ya kúrò, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, títí wọ́n fi fún wọn láyè. Ohun tó di PGA Tour lónìí nìyẹn. Ní 1994, Greg Norman ará Ọsirélíà gbìyànjú láti dá ìdíje káríayé sílẹ̀, PGA Tour halẹ̀ mọ́ àwọn tó bá bá a lọ, ọ̀rọ̀ náà sì kú. Norman yìí náà ni ọ̀gá àkọ́kọ́ fún LIV.

Ní ti Yúróòpù, owó ìtanràn pọ́n-ùn 100 000 ni wọ́n fi kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún ní wọn ò ní gbá nínú ìdíje Scotland tó ń bọ̀. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Justin Harding, pẹ̀lú Ian Poulter àti Adrian Otaegui, pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì gba àyè láti gbá títí ìdájọ́ á fi dé. Ní oṣù kẹrin 2023, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹgbẹ́ láre: kí wọ́n san owó náà. Garcia, Poulter àti Lee Westwood kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ní Amẹ́ríkà, Mickelson àti àwọn mẹ́wàá mìíràn gbé PGA Tour lọ sí kóòtù ní California ní oṣù kẹjọ 2022. Mẹ́ta nínú wọn fẹ́ kí adájọ́ dá wọn padà kíákíá sínú ìdíje ìparí ọdún. Adájọ́ Beth Labson Freeman kọ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé LIV, wọ́n ti ṣírò ohun tí wọ́n máa pàdánù mọ́ owó tí wọ́n gbà. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Olówó lè ra ìyà ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba owó ìfọwọ́síwèé ńkọ́?

Ìfòfindè yẹn sì jò. Àwọn ìdíje mẹ́rin tó lókìkí jù kò sí lọ́wọ́ PGA Tour, ẹgbẹ́ mìíràn ló ni wọ́n, wọn ò sì lé ará LIV. Brooks Koepka gba PGA Championship ní 2023 nígbà tó wà ní LIV, Bryson DeChambeau sì gba US Open ní 2024.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 2023 dé. Monahan kan náà jókòó ti Yasir Al-Rumayyan, ọ̀gá PIF, lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní àwọn fẹ́ pawọ́ pọ̀. Ẹjọ́ parí. Àwọn tó dúró ti ẹgbẹ́, tí wọ́n kọ owó ńlá sílẹ̀, orí ìròyìn ni púpọ̀ nínú wọn ti gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Jon Rahm náà kó ẹrù lọ sí LIV. Títí 2025 fi parí, wọn ò fọwọ́ sí àdéhùn ìkẹyìn.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í sì í ṣe torí owó nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹrin 1958, Rachid Mekhloufi ti Saint-Étienne, Mustapha Zitouni ti Monaco àti àwọn ọmọ Algeria mìíràn yọ́ kúrò ní Faransé lọ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù FLN sílẹ̀ nígbà ogun òmìnira. FIFA kò dá wọn mọ̀, ó sì halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá bá wọn gbá. Lẹ́yìn òmìnira 1962, Mekhloufi padà sí Saint-Étienne, àwọn ará ibẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Super League. Ní oṣù kìíní 2021, FIFA àti àjọ mẹ́fà tó wà lábẹ́ ẹ̀, tí CAF wà nínú wọn, kéde pé agbábọ́ọ̀lù tó bá gbá nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kò ní dé Coupe du Monde. Ní oṣù kẹrin, club 12 dìde, láàrin ọjọ́ mẹ́ta púpọ̀ nínú wọn ti sá padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 2023, ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg sọ pé FIFA àti UEFA kò lè máa fúnni láyè tàbí kí wọ́n máa fìyà jẹni láìsí ìlànà tó hàn kedere, tó sì bá gbogbo ènìyàn dọ́gba. Kò sọ pé Super League gbọ́dọ̀ wáyé o. Yúróòpù nìkan sì ni ìdájọ́ yẹn dè. Agbábọ́ọ̀lù tó wà ní Àjàṣẹ́, Sákétẹ́ tàbí Pobè, lábẹ́ CAF ló ṣì wà.