Máṣínì kan náà, òfin méjì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn nọ́ńbà kan tó da àwọn ọlọ́kadà Èkó láàmú fún yín: 200.

1/ cc ni wọ́n fi ń wọn bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, 100 sí 125 ni. Ti bọ̀dá mi, 100 péré.

2/ Oṣù kẹjọ 2012, Gómìnà Fashola buwọ́ lu òfin ìrìnnà tuntun. Wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Ṣùgbọ́n òfin yẹn fi àyè sílẹ̀ fún alùpùpù ńlá, láti 200cc, irú èyí tí wọ́n fi ń jíṣẹ́.

3/ Àyè yẹn ni Gokada àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà wọlé. Wọ́n ra 200cc, wọ́n fi ń gbé èrò. Bọ̀dá mi náà ta ti àtijọ́, ó yáwó kún un, ó ra 200. Ó ní, “Èyí kì í ṣe ọ̀kadà mọ́ o!”

4/ 1 oṣù kejì 2020: ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. 200cc ò gba ẹni tó ń gbé èrò sílẹ̀. Àwọn dispatch nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Gokada náà bọ́ sídìí ẹrù gbígbé.

5/ Bọ̀dá mi kan àpótí mọ́ ẹ̀yìn tiẹ̀. Máṣínì kan náà, gbèsè kan náà. Ní 2012, ẹ́ńjìnnì ni òfin ń wò. Ní 2020, ohun tó wà lẹ́yìn ni: èèyàn àbí ẹrù?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra máṣínì, ẹ má béèrè cc nìkan. Ẹ béèrè ohun tí òfin ní kẹ́ ẹ fi gbé.