Ta Ló Ń Ṣe É, Níbo Ló Wà? Àkójọ Àwọn Oníṣẹ́ ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní nǹkan kan lọ́kàn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe. Ó lè jẹ́ kẹ́ẹ̀gì omi tí ẹ fúnra yín ya àwòrán rẹ̀, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ bàtà. Ẹ ò ní ilé iṣẹ́, owó yín ò sì pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wá ni ìwé tó to orúkọ àwọn tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àti ibi tí wọ́n wà. Ìbéèrè kejì ló le jù: ṣé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé náà? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Mo fẹ́ fi Jẹ́dà àti Mẹ́kà ṣàlàyé rẹ̀, ìlú méjì tí àwọn Yorùbá mọ̀ dáadáa nítorí Hájì, tí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa oníṣòwò sì ti máa ń ra góòlù àti aṣọ bọ̀.

Àkójọ tí mo fẹ́ràn jù jẹ́ ti ọdún 1814. Ní oṣù keje ọdún náà, John Lewis Burckhardt, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ibrahim, gúnlẹ̀ sí èbúté Jẹ́dà. Ó rìn káàkiri ọjà, ó sì ka àwọn ìsọ̀ tó wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìsọ̀ kọfí jẹ́ 27. Àwọn tó ń ta bọ́tà jẹ́ 21. Ìsọ̀ tábà 31, ti oògùn 18, ti aṣọ 11. Télọ̀ jẹ́ 4, onígbàjámọ̀ 4, àwọn tó ń ṣe sálúbàtà 5. Oníṣẹ́ aago kan ṣoṣo ló wà, ará Tọ́kì sì ni. (Télọ̀ mẹ́rin péré! Ẹ lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àdúgbò kan ṣoṣo ní Ìbàdàn.)

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Àwọn tó ń tà ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan kò tó nǹkan. Aṣọ ń bọ̀ láti Íńdíà, kọfí láti Yẹ́mẹ̀n, ọkà láti Íjíbítì. Ẹni tó bá dé Jẹ́dà nígbà náà tó ń wá ahunṣọ máa rí ẹni tó ń ta aṣọ. Títí dòní, ohun tó ń da àwọn oníṣòwò kéékèèké láàmú nìyẹn: wọ́n rò pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ni àwọn wà, alágbàtà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé tó ti pẹ́ náà kan Burckhardt fúnra rẹ̀. Ó mú ìwé kan dání láti Káírò, pé kí oníṣòwò kan ní Jẹ́dà fún òun lówó. Ṣùgbọ́n ìwé náà ti tó oṣù 18, wọn ò gbà á. Ọmọkùnrin ẹrú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tà kó tó rí owó ná. Mi ò lè ka ibẹ̀ kọjá láìdúró. Burckhardt kú ní Káírò ní 1817, ọdún 1829 ni wọ́n sì tó tẹ ìwé rẹ̀ nípa ilẹ̀ Arébíà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó rà á lọ́dún náà ń ka ìsọ̀ ọdún 15 sẹ́yìn.

Nǹkan mìíràn wà tó kan àwa gan-an. Níbòmíràn nínú ìwé kan náà, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn dúdú tó wá ṣe Hájì, tí wọ́n ń pè ní Takruri. Orúkọ yìí ni àwọn Árábù fi ń pe àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pe àwọn Yorùbá tó dé lẹ́yìn náà. Òtòṣì ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n ń fi amọ̀ mọ àdògán kéékèèké, wọ́n ń fi ọ̀dà pupa àti yẹ́lò kùn ún, àwọn alálàájì sì ń rà á láti gbé ìkòkò kọfí kà. Wọ́n tún ń fi ewé igi dàbínù hun apẹ̀rẹ̀ àti ẹní. Oníṣẹ́ ọwọ́ gidi nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí wọn nínú iye àwọn ìsọ̀ yẹn.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń rí oníṣẹ́? Ẹnu èèyàn ni. Ní Mẹ́kà, mutawwif, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ àwọn alálàájì sọ́nà, ló máa ń mú wọn lọ sí ọjà. Dallal wà pẹ̀lú, alágbàtà ni. Ibẹ̀ ni àwọn Haúsá ti rí ọ̀rọ̀ wọn, dillali. Ọmọ ilẹ̀ Hólándì kan, Snouck Hurgronje, tó gbé Jẹ́dà ní 1884 àti Mẹ́kà ní 1885, kọ ọ́ pé àwọn atọ́nà máa ń gba tiwọn lọ́wọ́ àwọn onísọ̀. Ẹni tó mọ̀nà ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó máa fún un ní nǹkan ló ń mú yín lọ.

Kódà oníṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ máa ń yí padà. Ẹ jẹ́ ká wo Kiswa, aṣọ dúdú tó bo Kaaba. Íjíbítì ni wọ́n ti ń hun ún tẹ́lẹ̀. Ní 1927, Ọba Abdulaziz dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ajyad ní Mẹ́kà, wọ́n sì kó ahunṣọ wá láti Íńdíà. Iṣẹ́ náà tún padà sí Íjíbítì títí di 1962, kó tó di ti Mẹ́kà pátápátá. Ilé iṣẹ́ tuntun ní Umm al-Joud bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ká ní ẹ ní ìwé orúkọ ti 1928 àti ti 1955 lọ́wọ́, ìdáhùn wọn ò ní bára mu, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ní 1946 ni wọ́n dá Ilé Ìgbìmọ̀ Oníṣòwò Jẹ́dà sílẹ̀. Lónìí, gbogbo oníṣòwò nílẹ̀ Sáúdì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, èèyàn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òwò. Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ ètò Made in Saudi fún ọjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà ń sọ fún yín pé oníṣòwò náà wà lábẹ́ òfin ni, kò sọ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ ní kó fi ọ̀kan ránṣẹ́, kí ẹ sì rán ẹni tí ẹ mọ̀ lọ wo ibẹ̀, torí ìròyìn ò tó àfojúbà. Àwọn ìyá wa tó ń ra góòlù ti mọ èyí tipẹ́: kì í ṣe orúkọ ìsọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nọ́ńbà tó wà lára góòlù ni. 875 ni ti káráàtì 21, 750 ni ti 18.

Àwọn tó ń ṣe nǹkan nínú yàrá wọn, tí wọn ò forúkọ sílẹ̀, kò sí nínú ìwé kankan síbẹ̀. Tí ẹ bá dé Al-Balad, ìlú àtijọ́ Jẹ́dà, ọjà Souq al-Alawi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ mú bíró dání, kí ẹ kọ ọjọ́ sí òkè ìwé yín.