Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn: ìtàn ẹ̀rọ bẹntiróòlù kékeré, àti bí a ṣe ń jí i

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé tán. Ní irú àsìkò yìí, àwa tí à ń lọ láti oko dé oko máa ń rí ohun kan náà lọ́dọọdún. Ẹni tó dáko ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ á gbé ẹ̀rọ tó fi ń fa omi jáde nínú yàrá tó ti wà láti oṣù kẹrin, á fa okùn, á fà á títí apá á fi máa ro ó, ẹ́ńjìnnì ò ní dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ ò mọ̀ pé mẹkáníìkì ò tíì dé. Bí omi ò bá dé ìdí tòmátì fún ọjọ́ mélòó kan nínú oòrùn yìí, òdòdó á máa rẹ̀ dànù, owó ló ń lọ yẹn. Àwọn míì á bínú, wọ́n á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n á ta ẹ̀rọ náà ní owó irin lásán. Lára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ tí a ti tú wò, ọ̀pọ̀ ni kò bàjẹ́ rárá. Ó kàn sùn ni.

Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, torí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe kó ẹ̀rọ yìí jọ, á mọ ibi tó ti máa ń dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Jámánì. Lọ́dún 1886 ni Karl Benz gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Àwọn èèyàn wò ó, wọn ò fẹ́ rà á. Bertha ìyàwó rẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, kò sọ fún ọkọ rẹ̀ o, ó kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, wọ́n wa ọkọ̀ náà láti Mannheim lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà. Kò sí ilé epo nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ apòògùn ní ìlú Wiesloch ló ti ra epo, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Lójú ọ̀nà, páìpù epo dí. Obìnrin yìí yọ abẹ́rẹ́ gígùn tó fi mú fìlà mọ́ irun, ó fi tú páìpù náà, epo ṣàn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí i pé ohun tó ń dá yín dúró lókùrọ̀ lóde òní ti dá ìyàwó Benz dúró rí.

Ọkọ̀ tìrẹ kò tiẹ̀ tíì ní ihò tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Nígbà yẹn, ẹ́ńjìnnì kàn ń fa atẹ́gùn tó ti gba ojú epo kọjá ni. Ọdún 1893 ni Wilhelm Maybach, ọmọ Jámánì náà, ṣe kabúrétọ̀ tó ń fọ́n epo gba ojú ihò kékeré kan. Ọgbọ́n ńlá ni, torí agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i. Àmọ́ ihò kékeré yẹn la fi ń jìyà di òní.

Ìdí rẹ̀ rèé. Bẹntiróòlù kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Oríṣiríṣi epo ló pa pọ̀ sínú rẹ̀, àwọn kan fúyẹ́, àwọn kan wúwo. Àwọn tó fúyẹ́ yẹn ló máa ń tètè gbiná tí ẹ bá fa okùn, àwọn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Ẹ wo bí ẹmu àárọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ẹmu ọjọ́ kẹta, bí ẹ tilẹ̀ dé e. Bí bẹntiróòlù bá ti lo oṣù méjì mẹ́ta nínú kabúrétọ̀, ohun tó kù á bá atẹ́gùn pàdé, á di bí oje igi, á lẹ̀ mọ́ ojú jẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, kì í rùn bí epo mọ́, bí ọ̀dà ìkunlé ló ń rùn. Epo ò lè gba ibẹ̀ kọjá, ẹ lè fa okùn títí di alẹ́.

Omi náà wà níbẹ̀. Táǹkì tí epo rẹ̀ ò kún máa ń ní atẹ́gùn nínú. Tí òtútù òru bá mú un, omi á sẹ̀ lára irin, á sì rọ̀ lọ sísàlẹ̀ epo, torí omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni táàpù ti ń fa epo.

Ti iná pulọ́ọ̀gì ò gùn. Lọ́dún 1902, Gottlob Honold tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Bosch ní Stuttgart ṣe mágínẹ́ẹ̀tì tó lè fún pulọ́ọ̀gì ní iná tó lágbára. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, ó ń dá iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ omi yín kò fi nílò bátìrì. Bí ó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin, ìpatà á bo ojú mágínẹ́ẹ̀tì àti kọ́ìlì, iná á dín kù. Sáńpépà tó kúnná ló ń yanjú ìyẹn, kì í ṣe kọ́ìlì tuntun tí àwọn kan máa ń sáré tà fún yín.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn yìí ni Jàpáànì, lẹ́yìn ogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler. Ìlú ti bàjẹ́, ọkọ̀ ò tó, epo ṣọ̀wọ́n débi pé ìjọba ló ń pín in. Lọ́dún 1946, ọkùnrin kan ní ìlú Hamamatsu, Soichiro Honda, rí ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí àwọn ọmọ ogun ti fi ṣiṣẹ́ rí. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fún rédíò ológun ní iná ni wọ́n ṣe é fún. Ogun parí, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́. Honda wá irú rẹ̀ rà, nǹkan bí 500. Ó fẹ́ gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ológeere kí àwọn èèyàn lè máa fi rìn.

Ẹ fiyè sí ohun tó ṣe. Kò kàn rọ epo sí i kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Wọ́n tú àwọn ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n tún un tò, wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì gùn ún wò kí wọ́n tó tà á. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò rí táǹkì epo tó bá kẹ̀kẹ́ mu, ló bá lo ohun tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí láti fi mú ẹsẹ̀ móoru lórí ibùsùn. Nítorí epo tó wọ́n, ó ń po tọpẹntáìnì tí wọ́n fún láti inú gbòǹgbò igi páìnì mọ́ bẹntiróòlù. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbìyànjú ìyẹn nílé o. Ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn àti tòní kì í ṣe ẹgbẹ́.) Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ológun tán, wọ́n ṣe tiwọn lọ́dún 1947, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ Honda Motor sílẹ̀ lọ́dún 1948. Ohun tí àwọn míì ń wò bí àlòkù ni iléeṣẹ́ yẹn fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1953, Honda gbé ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde tí kì í ṣe ti alùpùpù, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ọdún yẹn kan náà ni Briggs & Stratton ní Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi alumíníọ̀mù dà jáde, tó fúyẹ́ gan-an ju ti irin lọ. Lọ́dún 1983 ni ìdílé GX ti Honda dé. GX160 àti àwọn tí wọ́n fara wé e ló pọ̀ jù lára ẹ̀rọ omi àti ẹ̀rọ ìrẹgẹ́ kéékèèké tí a ń bá pàdé.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1990, ètò Fadama tí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà lówó fún tan ẹ̀rọ omi kékeré ká àwọn àkùrọ̀ òkè Ọya. Ìpele kejì ètò náà, lẹ́yìn ọdún 2000, dé Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó. Kí ìyẹn tó dé, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ń fi korobá pọn omi ni. Nígbà tó sì di 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá bẹntiróòlù kúrò lábẹ́ ₦200, ó sún mọ́ ₦500 l'Ékòó, kò sì dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ẹ̀rọ wọn sí kọ̀rọ̀ látìgbà yẹn. Àwọn ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ń gbé jáde báyìí.

Bí ẹ bá gbé tiyín jáde, ẹ má fa okùn ná. Ẹ kọ́kọ́ da epo àtijọ́ nù kúrò nínú táǹkì, kó má sún mọ́ kànga tàbí iná. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ ro ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí kan sínú ihò rẹ̀, kí ẹ wá rọra fa okùn. Bí kò bá yí, ẹ má fi agídí fà á. Ẹ fi ọ́ìlì yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ìpatà á tú. Ẹ wo inú sáléǹsà àti fítà, torí kòkòrò tó ń fi amọ̀ mọlé fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ìdérí tí okùn wà, ibẹ̀ ni èkúté máa ń kó koríko sí.

Ẹ wo ọ́ìlì. GX160 ń gba nǹkan bí 0.6 lítà. Ọ̀pọ̀ lára wọn ní ohun tó ń pa iná pulọ́ọ̀gì tí ọ́ìlì bá ti kéré, ẹ̀yin á máa rò pé kọ́ìlì ti jó.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ife ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, ẹ fi bẹntiróòlù tuntun fọ̀ ọ́, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ojú jẹ́ẹ̀tì. Tó bá le, wáyà bàbà tín-ínrín kan ṣoṣo láti inú wáyà iná tó. Abẹ́rẹ́ ìyàwó Benz dára fún páìpù, àmọ́ ẹ má fi irin gún jẹ́ẹ̀tì. Bí ihò yẹn bá fẹ̀ díẹ̀ péré, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ọ̀mùtí, ẹ sì mọ iye tí jálá kan jẹ́. Ẹ nu pulọ́ọ̀gì, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ wà láàárín 0.7 sí 0.8 mílímítà. Ẹ bu epo tuntun, kí ẹ sì kún inú pọ́ǹpù fún omi kí ẹ tó fa okùn, torí bí ó bá yí láìsí omi, rọ́bà tó ń dí omi níbẹ̀ á jó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "ai bẹ́tà", tiyín tún yàtọ̀. Ọ́ìlì tí ẹ pò mọ́ epo kì í fẹ́ lọ, òun ló máa ń ṣẹ́kù sínú kabúrétọ̀, tí á máa lẹ̀ bí oyin. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa.

Nígbà tí òjò bá padà dé, tí ẹ fẹ́ gbé e wọlé, ẹ ti táàpù epo, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó kù nínú táǹkì sí ibòmíì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rọra fa okùn títí á fi le lọ́wọ́ yín, kí ẹ dúró níbẹ̀. Níbi tó ti le yẹn, fáàfù méjèèjì ti padé, ọ̀rinrin ò ní ráyè wọlé títí ọ̀gbẹlẹ̀ á fi dé.