APOL1, jíìnì ààbò ara

APOL1 jẹ́ jíìnì tó ń gbèjà ara. Purotéènì rẹ̀ máa ń dá ihò sí kòkòrò àrùn oorun lára, kòkòrò náà á wú títí tí yóò fi bẹ́. Irú kòkòrò tó wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń borí APOL1 tí kò yí padà, àmọ́ apá oríṣi rẹ̀ tó yí padà, ìyẹn G1 àti G2, ká a. Gbèsè ńlá wà nídìí àǹfààní yìí: lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ rí i láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pé ẹni tó bá jogún méjì nínú oríṣi wọ̀nyí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, wà nínú ewu àrùn kíndìnrín tó lè gé ẹ̀mí kúrú. G1 wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Síbẹ̀, kíndìnrín ọ̀pọ̀ ẹni tó ní méjì kì í bàjẹ́.